Ibi Tí Èèyàn Ti Ṣẹ̀: Ìdáhùn Tí A Jẹ Àwọn Ọmọ Wa



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá wa láti inú erùpẹ̀, tó sì fi ìmọ̀ ṣe wá lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àṣìṣe ara mi ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú yín mọ̀ pé tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Bàọ́lọ́jì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ndìrì ní ìlú tí a wà ní Òkè Ọya yìí. Lọ́dọọdún, tí a bá ti dé orí ẹfolúṣọ̀n nínú ìwé, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó sọ pé àwọn ohun abẹ̀mí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, àti pé èèyàn náà wà lára wọn, màá pa ìwé dé. Màá ní: "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Bí ìwé ṣe wí ni kí ẹ kọ ọ́ nínú WAEC o. Àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ kọ ọ́, ẹ gba máàkì yín, ó parí." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì ṣí orí tó kàn. Mo rò pé ìgbàgbọ́ wọn ni mò ń dáàbò bò.

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn tí a parí àsàlátù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wá bá mi níbi tí mo ti ń ká ẹní. Ó ti wà ní yunifásítì báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó tì mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Mi ò kírun mọ́ nílé ìwé. Tí mo bá wá sílé ni mò ń kírun, torí màmá mi." Mo bi í pé kí ló dé. Ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa, sà. Ẹ ní èèyàn lè kọ ohun tí kò gbà gbọ́ sílẹ̀, kó sì gba máàkì. Bí ìrun náà ṣe rí lára mi nìyẹn. Mò ń ṣe é bí ìwé ṣe wí."

Kò fi ìyájú sọ ọ́. Ká ní ó yájú ni, ì bá rọrùn fún mi. Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mò ń kọ yìí ni èsì rẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ kà á, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ti fi ẹnu méjì kọ́ ọmọ.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ gan-an

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe òdodo. Ohun tí a máa ń gbọ́ nínú wàásù ni pé àwọn òyìnbó ní ọ̀bọ ló bí èèyàn. Oníwàásù á wá béèrè pé, "Kí ló dé tí ọ̀bọ inú igbó kò bí èèyàn mọ́?" Jámáà á ké "Allahu Akbar", ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Charles Darwin, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní ọdún 1859 ni pé ọmọ kì í jọ òbí rẹ̀ tán, ìyàtọ̀ díẹ̀ máa ń wà. Èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá bá ibi tó ń gbé mu ló máa ń yè jù, òun náà ló máa ń bímọ jù. Tí ọdún bá ti gorí ọdún títí, ìyàtọ̀ kéékèèké á di ńlá. Ní ọdún 1871 ló wá kọ ìwé mìíràn tó fi èèyàn kún un. Lójú wọn, èèyàn àti ìnàkí jẹ́ ẹbí tó pínyà láti ara orírun kan tó ti parẹ́ tipẹ́tipẹ́. Bí mo bá sọ pé èmi àti ìbátan mi kan ní Ìlọrin ní bàbá ńlá kan náà, mi ò sọ pé ìbátan mi yẹn ló bí mi.

Ṣé ọ̀rọ̀ ìyípadà yìí wá jìnnà sí wa ni? Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí chloroquine. Nígbà kan, a lò ó, ibà lọ. Nígbà tó yá, a lò ó títí, ara kàn ń yún wa ni, ibà jókòó. Kòkòrò ibà ló ti yí padà. Èyí tí oògùn náà kò rí pa ló ṣẹ́ kù, òun ló ń bímọ, títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi gba ìgboro kan. Ní ọdún 2005 ni ìjọba orílẹ̀-èdè yìí fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ yìgì. Kí a tó so yìgì fún àwọn ọmọ wa, a máa ń béèrè jẹ́nótáìpù. Tó bá jẹ́ AS àti AS, a ó ní kí wọ́n jókòó ronú. Kí ló dé tí S fi pọ̀ tó báyìí láàrin wa? Láti ọdún 1954 ni dókítà kan, Anthony Allison, ti fi hàn pé ibà kì í ráyè ọmọ tó jẹ́ AS tó bó ṣe ń ráyè ọmọ AA. Nítorí náà, ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, S rí ibi jókòó. Ìyẹn ni pé ohun tí ojú àwọn bàbá ńlá wa rí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀kọ́ tí mo ní kí àwọn ọmọ má gbà gbọ́ yẹn náà ló ṣàlàyé ohun tí à ń bẹ̀rù nígbà tí a bá fẹ́ so yìgì wọn.

Ọ̀rọ̀ egungun náà ń bẹ. Ní ọdún 2017, Abdelouahed Ben-Ncer, ará Mòrókò, àti Jean-Jacques Hublin pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kéde egungun èèyàn tí wọ́n rí ní Jebel Irhoud ní ilẹ̀ Mòrókò, tó ti tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni. Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti àwọn èèyàn rẹ̀ wú egungun èèyàn kan ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ti lé ní 11,000 ọdún nínú ilẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tún agbárí rẹ̀ yẹ̀ wò ní ọdún 2011, wọ́n rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ilẹ̀ baba wa ni èyí o.

Ohun tí Ọlọ́hun sọ fún wa

Àlùkùránì kò fi ọ̀rọ̀ Ànọ́bì Ádámọ̀ pa mọ́. Nínú Suratul-Hijr, Ọlọ́hun sọ fún àwọn màláíkà pé Òun fẹ́ dá èèyàn láti inú amọ̀, pé bí Òun bá ti ṣe é tán, tí Òun sì fẹ́ nínú ẹ̀mí Òun sí i, kí wọ́n forí kanlẹ̀ fún un. Nínú Suratu Sād, Ó sọ pé ọwọ́ Òun ni Òun fi dá a. Nínú Suratu Āl-Imrān, ẹsẹ 59, Ó fi Ànọ́bì Ísá wé Ànọ́bì Ádámọ̀: Ísá kò ní bàbá, Ádámọ̀ ni a sì fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí ìyẹn ń yà lẹ́nu. Ìdí nìyí tí púpọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbà àáfáà fi gbà pé Ànọ́bì Ádámọ̀ kò ní bàbá, kò ní ìyá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Àlùkùránì kò sọ pẹ̀lú. Kò sọ ọdún tí a dá Ànọ́bì Ádámọ̀. Iye 6,000 ọdún tí àwọn kan ń kà, kò sí nínú Ìwé wa. Kò sọ bí a ṣe dá ẹṣin, ẹja àti ẹyẹ ní kúlẹ̀kúlẹ̀. Kò sọ bóyá ẹ̀dá kan tó jọ wá ti rìn lórí ilẹ̀ ṣáájú, tàbí kò rìn. Nínú Suratul-Kahf, ẹsẹ 51, Ọlọ́hun jẹ́ ká mọ̀ pé Òun kò pe ẹnikẹ́ni wá ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí Òun ń dá sánmà àti ilẹ̀. Síbẹ̀, nínú Suratul-Ankabūt, ẹsẹ 20, Ó ní ká rìn kiri lórí ilẹ̀, ká lọ wo bí Òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ̀dá. Ẹni tó ń wú ilẹ̀ Ihò Eléérú, ṣé kì í ṣe pé ó ń wo ohun tí a ní ká wò?

Àwọn àgbà tó ṣáájú wa

Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànọ́bì wa, kú, oòrùn wọ òòjìjì lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn ní oòrùn ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ Ànọ́bì ni. Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí ì bá ti rọrùn tó fún un láti dákẹ́, kí wọ́n máa gbà bẹ́ẹ̀. Kò dákẹ́. Ó sọ fún wọn pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Ó ń sunkún ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbé òun ga.

Imam Al-Ghazali, tó kú ní ọdún 1111, sọ̀rọ̀ lórí òkùnkùn oòrùn yìí kan náà. Ó ní ẹni tó bá ń fi ẹ̀sìn bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ jà lórí ohun tí wọ́n ti fi ìṣirò rí dájú, ẹ̀sìn ló ń pa lára. Torí pé ẹni tó bá ti mọ ìṣirò náà kò ní ṣiyèméjì lórí ìṣirò rẹ̀, ẹ̀sìn ni yóò máa ṣiyèméjì sí. Ẹ̀yin ará, ó ju ọgọ́rùn-ún mẹ́sàn-án ọdún lọ tó ti sọ èyí, bí ẹni pé ó rí ọmọ tó jókòó tì mí lórí ẹní ni.

Ẹ tún wo Ibn Hajar, tó kú ní ọdún 1449, ẹni tó túmọ̀ hádíìsì Bukhari. Nígbà tó dé ibi tí hádíìsì ti sọ pé gíga Ànọ́bì Ádámọ̀ jẹ́ 60 ìgbọ̀nwọ́, pé èèyàn sì ń kúrú láti ìgbà náà wá, ó rántí ilé àwọn ará Samūd tó ṣì wà nínú àpáta. Ilé náà kò fi hàn pé àwọn tó gbé inú rẹ̀ ga lágatà. Kí ni àgbà yìí ṣe? Kò sọ hádíìsì nù, kò sì sọ pé ojú ló ń tan àwọn tó rí ilé náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣòro, pé òun kò tíì rí ohun tí yóò tú u. Ẹni tó mọ hádíìsì tó bẹ́ẹ̀ lè sọ pé òun kò tíì mọ̀. Kí wá ló dé tí èmi tíṣà lásán kò lè sọ ọ́?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Darwin dé ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá, àáfáà kan ní Tripoli ti Lẹ́bánónì, Hussein al-Jisr, kọ ìwé kan ní ọdún 1888. Ó ní ohun tí Àlùkùránì sọ ni àwọn yóò dúró lé títí ẹ̀rí tó dájú ṣáká yóò fi dé. Tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ bá sì dé, Ọlọ́hun náà ṣì ni Ẹlẹ́dàá, ìbáà dá nǹkan ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí díẹ̀díẹ̀. Lóde òní náà, àwọn onímọ̀ wa kò fẹnu kò. Àwọn kan kọ gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn kan gbà á fún gbogbo ẹ̀dá yòókù, wọ́n yọ Ànọ́bì Ádámọ̀ àti Hawáù sọ́tọ̀. Àwọn bíi David Solomon Jalajel ní níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́hun kò sọ bóyá ẹ̀dá tó jọ èèyàn wà yàtọ̀ sí àwọn ọmọ Ádámọ̀, kí á má sọ bẹ́ẹ̀ ni, kí á má sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn kan wà tó gba gbogbo rẹ̀, tí wọ́n ń wá ìtumọ̀ mìíràn fún ìtàn Ádámọ̀. Mi ò bá àwọn tó gbẹ̀yìn yìí lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní pè wọ́n ní kèfèrí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kìlọ̀ lé. Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti ń yangàn pé Al-Jahiz ará Basra ti kọ gbogbo ohun tí Darwin kọ ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀, àti pé Ibn Khaldun náà kọ ọ́ ní ọdún 1377. Lóòótọ́, Al-Jahiz kọ̀wé lórí ẹranko àti bí wọ́n ṣe ń pa ara wọn jẹ. Lóòótọ́, Ibn Khaldun to ẹ̀dá bí àkàbà, láti òkúta dé ewéko, dé ẹranko, dé ọ̀bọ, dé èèyàn. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ Darwin. Ẹ̀sìn òtítọ́ kò nílò àbùmọ́.

Agbọ̀n mẹ́ta

Ká ní mo tún lè padà sínú kíláàsì yẹn, agbọ̀n mẹ́ta ni màá gbé síwájú àwọn ọmọ. Àkọ́kọ́ ni ohun tí Ọlọ́hun sọ yanjú: Òun ló dá gbogbo ẹ̀dá, Ó dá Ànọ́bì Ádámọ̀ láti inú amọ̀, Ó fi ìmọ̀ àti ẹ̀mí bu iyì fún un, Ó sì fi àmánà lé e lọ́wọ́. Èkejì ni ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì kàn: egungun, ẹ̀jẹ̀, kòkòrò ibà. Ẹ kọ́ ọ, ẹ mọ̀ ọ́n dunjú, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni ibi tí agbọ̀n méjèèjì ti pàdé, tí a kò tíì rí bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra tán. Ibẹ̀ ni a ti ń sọ pé Wallahu a'lam, Ọlọ́hun ló mọ̀ jù. Ẹni tó bá sọ ọ́ tọkàntọkàn kò sálọ, kò sì purọ́.

Ìdẹwò méjì ló wà níbẹ̀. Àwa kan fẹ́ kó gbogbo ohun tó wà nínú agbọ̀n kejì dànù kí ọkàn wa lè balẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan náà ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn ti mọ bí nǹkan ṣe ń yí padà, Ẹni tó ń yí i padà kò sí. Egungun lè sọ bí agbárí ṣe tóbi tó. Kò lè sọ bóyá ẹni tó ni ín mọ ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́. Ìyẹn sì ni a ó bi wá lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀.

Màláíkà béèrè, Ìbìlísì yangàn

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìtàn náà. Nígbà tí Ọlọ́hun sọ pé Òun fẹ́ fi àrólé sórí ilẹ̀, àwọn màláíkà béèrè ìbéèrè tó le: ṣé ẹni tí yóò bàjẹ́, tí yóò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ni? Ọlọ́hun kò lé wọn dànù. Ó dá wọn lóhùn, Ó sì kọ́ Ádámọ̀ ní orúkọ gbogbo nǹkan kí wọ́n lè rí i. Ìbìlísì ní tirẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ó ti mọ̀ tán. Iná ni wọ́n fi dá òun, amọ̀ ni wọ́n fi dá Ádámọ̀, òun sàn jù ú lọ. Ẹ ò rí i bí? Ẹni tó kọ́kọ́ fi ibi tí ó ti ṣẹ̀ yangàn ni ẹni tí a kọ́kọ́ lé.

Àìsàn Ìbìlísì yìí ran àwọn kan lára àwọn tó gba ọ̀rọ̀ Darwin. Ní ọdún 1906, wọ́n kó ọkùnrin kan láti Kóńgò, Ota Benga, sínú ilé ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, kí àwọn aláwọ̀ funfun máa wò ó bí ẹni pé kò tíì di èèyàn tán. Àwọn àlùfáà aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ló ké gbàjarè. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba àwọn àgbà wa kì í ṣe lásán.

Àmọ́ àìsàn náà wà nílé wa pẹ̀lú. Àwa tí à ń gbé Òkè Ọya mọ bó ṣe máa ń dùn wá tí wọ́n bá bi wá pé ibo gan-an la ti wá, nígbà tó jẹ́ pé ibí ni wọ́n bí bàbá wa sí. Síbẹ̀, tí ọmọ wa bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi í nìyẹn. A ò béèrè bó ṣe ń kírun, a ò béèrè bó ṣe ń sọ òótọ́. Ànọ́bì wa ti sọ pé láti ara Ádámọ̀ ni gbogbo wa, láti ara erùpẹ̀ sì ni Ádámọ̀. Ó tún sọ pé ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ láti gbogbo ilẹ̀ ni Ọlọ́hun fi dá a, ìyẹn ni àwọ̀ wa fi yàtọ̀ síra. Ẹni tó gba èyí gbọ́, tó ṣì ń fi ẹ̀yà kan wọ́lẹ̀, òun náà ń kọ ohun tí kò gbà gbọ́ sínú ìwé ìdánwò ni.

Mo ti sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tì í, torí kò retí kí àgbà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó má kírun torí màmá rẹ̀ mọ́, kó má sì kírun torí mi. Kó dúró níwájú Ọlọ́hun pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀ lọ́wọ́, bí àwọn màláíkà ti ṣe. Kò tíì sọ fún mi pé òun ti padà sídìí ìrun, mi ò sì tíì bi í. Ṣùgbọ́n ó ń wá bá mi, ìbéèrè rẹ̀ sì ń le sí i. Mo ń dúpẹ́. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àáfáà ilé kéwú, tí ọmọ bá béèrè ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀, ẹ má fi ẹgba dá a lóhùn, ẹ má sì fi ẹ̀rín gbé e kúrò bí mo ti ṣe. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un. Ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun Ọba tó kọ́ bàbá wa Ádámọ̀ ní orúkọ nǹkan gbogbo kọ́ wa ní èyí tó kù wá kù. Kó má jẹ́ kí ìmọ̀ wa lé wa kúrò lọ́dọ̀ Rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí àìmọ̀ wa lé àwọn ọmọ wa. Àmín.